Ọjọ́ Tí Mo Gbé Àwo Osùn Kalẹ̀

Inú oṣù òjò ni òkè ya lulẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n mi Hemant, ní ìsàlẹ̀ ilé òrìṣà Yamunotri, níbi tí odò Yamuna ti ń sun jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Èmi Sulochana, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Bàbá wa, Vachaspati, wà lára àwọn àwòrò ilé òrìṣà náà, bí bàbá tirẹ̀ náà ti ṣe wà lára wọn.

Yamuna ni àbúrò Ikú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wẹ̀ nínú omi rẹ̀, Ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní mú un lọ ní àìtọ́jọ́. Ohun tí bàbá mi ń sọ fún àwọn àlejò nìyẹn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Hemant ti ń wẹ̀ nínú omi yẹn láti ìgbà tí kò tíì lè dá rìn.

Lọ́jọ́ náà, mo wà nílé ní Kharsali, mò ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì tí a máa ń dì sínú aṣọ fún àwọn àlejò láti sè nínú adágún omi gbígbóná tó wà lẹ́bàá ilé òrìṣà. Mo gbọ́ ariwo lójú ọ̀nà. Trepan ló ṣáájú àwọn tó ń bọ̀. Ọmọ abúlé Dhungsera nísàlẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa fi agbọ̀n pọn àwọn arúgbó gun òkè lọ kí òrìṣà. Òun àti Hemant jọ dàgbà ni. Òun ló fi ọwọ́ lásán wú u jáde lábẹ́ òkúta, tí èékánná rẹ̀ méjì fi ṣí kúrò, òun náà ló sì gbé e sọ̀kalẹ̀ wá. Nígbà tó gbé e kalẹ̀ ní àgbàlá wa, ìyá mi ṣubú lé e lórí. Mo wò wọ́n. Mo ṣa ìrẹsì tó kù tán, mo dé e, mo wá dìde lọ pọn omi.

"Ọmọbìnrin yìí ò tilẹ̀ sunkún," ni aládùúgbò wa kan ń sọ.

Òótọ́ ló sọ. Mo rò pé ẹkún ń bọ̀ lẹ́yìn ni, mo sì ń dúró dè é, àmọ́ kò dé. Ọkàn mi kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́, o ò ní mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀fọ̀ pé, mo padà sídìí iṣẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, mò ń di ìrẹsì sínú aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Trepan sọ arúgbó tó pọ̀n kalẹ̀, ó sì wá dúró níwájú mi.

"O kú iṣẹ́, Sulochana."

"Ẹ ṣé."

"Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún ọ."

"Ẹ má sọ nǹkan kan, nígbà náà."

Ó jókòó sórí òkúta kan. Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí arúgbó rẹ̀ fi sìn tán. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá. Bó ṣe ń wá nìyẹn. Lára àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà, òun nìkan ni kì í wojú mi bíi pé ó ń wá nǹkan tó sọ nù síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìyá tí mo pọ̀n lónìí," ó ní, "gbogbo ìgbà tí mo bá dúró mí, ó ń fa etí mi. Ó ní ẹṣin tí òun gùn lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn yá ju èmi lọ."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó lọ wá ẹṣin ẹ̀."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Mo tilẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí èèyàn ti rẹ́rìn-ín. Ojú mi ò kàn ṣe nǹkan kan ni. Ó rí i, inú ò sì bí i.

"Kò burú," ó ní. "Nígbà tó ń fà mí létí, kò pa èmi náà lẹ́rìn-ín."

Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé òrìṣà nítorí yìnyín, ó wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kò sì pọn ẹnikẹ́ni.

"Sulochana, mo fẹ́ kí o fẹ́ mi."

Mo so kókó aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi tán kí n tó dáhùn. "Ṣé torí Hemant ni?"

"Rárá. Kí òkè tó ya ni mo ti ń wò ọ́. Hemant mọ̀. Ó ní bí òun bá tún ká ojú mi lára rẹ, òun á sè mí mọ́ ìrẹsì."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Hemant gan-an nìyẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi.

"Ẹ gbọ́," mo ní, "kò sí nǹkan kan nínú mi. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó máa dá yín lóhùn."

"Màá jókòó síta."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò béèrè ìyẹn," ó ní. "Ìwọ ni mo ní kí o fẹ́ mi."

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo ti ń lọ sílé, mò ń bi ara mi léèrè bóyá ọkùnrin náà ni mo ń fẹ́, àbí ọwọ́ tó kan ẹ̀gbọ́n mi gbẹ̀yìn. Mi ò tilẹ̀ mọ bí ìfẹ́ ṣe ń rí nígbà náà, torí mi ò mọ bí ohunkóhun ṣe ń rí.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilé òrìṣà ni ọjọ́ tí Ikú wá jẹun nílé Yamuna àbúrò rẹ̀, tí Yamuna fi osùn kàn án níwájú orí. Lọ́jọ́ náà, gbogbo obìnrin tó bá ní arákùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Wọ́n gbé ère Ìyá Yamuna sọ̀kalẹ̀ wá sí Kharsali pẹ̀lú fèrè àti ìlù, kí ó wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n ti gbé e wọlé tán, bàbá mi ránṣẹ́ pe Trepan sílé wa. Kò wọ yàrá wa rí, àgbàlá ló máa ń dúró sí. Ìyá mi ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é. Ó ti to osùn, ìrẹsì, òdòdó àti nǹkan dídùn sínú àwo, ó sì gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́.

"Trepan," bàbá mi ní, "ìwọ lo gbé ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ fún mi. Ilé yìí ò lè máa wà láìní ọmọkùnrin. Láti òní lọ, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n Sulochana. Jókòó, kí ó fi osùn kàn ọ́."

Mo wo bàbá mi. Ojú mi àti ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ òkúta ẹ̀bá adágún fún un. Bí osùn yẹn bá kan Trepan níwájú orí, ẹ̀gbọ́n mi ni lójú òrìṣà àti èèyàn, kò sì sí ẹni tó máa so wá pọ̀ mọ́ láyé. Ìyá mi ò mọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Láti oṣù òjò, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí ó dirun. Ó ti sọ fún mi láàárọ̀ pé, "Ní òní, a tún máa pe ọmọkùnrin jẹun nílé yìí."

Trepan jókòó, ó sì wo ilẹ̀. Ta ló máa kọ irú ìyẹn lójú ìyá olóògbé? Gbogbo ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ mi.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti ìka bọ osùn. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí ọkàn mi máa sọ, ọkàn mi ò sì sọ nǹkan kan. Ìka mi ni kò lọ síwájú. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀, osùn ń kán bọ́ sórí ẹní. Mo wá gbé àwo náà kalẹ̀.

"Ìyá ẹ ń dúró," bàbá mi ní.

"Mi ò lè ṣe é, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Wọn kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá mi wo èmi, ó wo Trepan, ó tún wo bàbá mi pẹ́. Kò bínú. Ó kàn gbé àwo náà, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Bàbá mi ní kí Trepan jáde. Nígbà tí Trepan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìkíni kí ó tó lọ, bàbá mi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Yìnyín bò wá mọ́lé. Ní àárín òtútù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Màmá Bachani, dé láti abúlé kejì. Opó ni, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ìgbéyàwó kan ní àfonífojì wa tí kò fi ẹnu yẹn dá sí. Ó mú ọ̀rọ̀ akọ̀wé kan wá láti Uttarkashi, ọmọ àwòrò bíi tiwa.

"Ọmọ dáadáa ni," ó ní. "Ó ga. Ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ṣé wàá fẹ́ ẹ?"

"Ó dáa, Màmá."

"O ò béèrè orúkọ ẹ̀?"

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Bí mo bá ní kí o fẹ́ òpó ilé yìí ńkọ́?"

Mo bu tíì kún ife náà.

"Màá béèrè lẹ́ẹ̀kan, kí o má purọ́ fún mi, torí mo ti gbó ju irọ́ lọ. Kí ló dé tí o gbé àwo kalẹ̀? Bàbá ẹ ní ìfẹ́ ló ń yí ọ lórí. Èmi ò rí ẹni tí ìfẹ́ ń yí lórí níbí. Ẹni tó ń sùn lójú méjèèjì ni mò ń wò."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà. "Tí mo bá fẹ́ akọ̀wé yẹn, Màmá, á máa rẹ́rìn-ín, á sì fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Màá máa ṣe é fún un lójoojúmọ́ títí màá fi kú. Trepan ò fẹ́ kí n ṣe nǹkan kan."

Màmá Bachani dìde, ó di ìbora rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjá sí yàrá bàbá mi. Ògiri wa ò nípọn.

"Gbà fún ọmọkùnrin Dhungsera yẹn," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé lẹ mú wá."

"Mo ti dá a padà sápò."

"Àwọn baba wa ò jẹun nínú ìkòkò àwọn ìran yẹn rí. Ọmọ ológun ni wọ́n, àwòrò ni wá. Èèyàn ló sì ń pọ̀n bí ẹrù."

"Àwọn baba wa ò lo fóònù rí. Èyí tó wà lápò rẹ ò yéé dún láti àárọ̀."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Nígbà yẹn ni ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ osùn, kò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá Hemant," ó ní.

Láti ìgbà tí òkè ti ya, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún.

"Èmi ni mo fẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ mi," ìyá mi ní. "Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ mi dẹ pańpẹ́. Ẹ fẹ́ kí ó gba ojú fèrèsé wọlé, kí ẹ lè ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ó gba ẹnu ọ̀nà."

Bàbá mi ló wá sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣe bó ṣe wù yín. Ọwọ́ mi kọ́ ni màá fi fà á lé e lọ́wọ́."

Màmá Bachani lọ sí Dhungsera nínú yìnyín, ó sì padà wá. Ó ní ìyá Trepan ń bẹ̀rù wa, pé ó rò pé ọmọ àwòrò á máa fi ẹsẹ̀ kan ìkòkò òun. "Mo ní kó má bẹ̀rù, pé kò sí ohun tí ìwọ ń fi ẹsẹ̀ kàn, bóyá ó dáa ni o, bóyá kò dáa."

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé òrìṣà padà ni wọ́n mú fún ìgbéyàwó wa, torí ọjọ́ rere tí kò nílò kí a wo àkókò ni. Ọjọ́ yẹn náà sì fún bàbá mi ní àwáwí. Láti ìdájí ló ti tẹ̀lé Ìyá Yamuna gòkè lọ. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló fà mí lé Trepan lọ́wọ́. A yí iná ká lẹ́ẹ̀meje. Igi iná náà tutù, èéfín rẹ̀ sì kó sí mi lójú.

"Ẹ wò ó, ó ti ń sunkún," àwọn obìnrin ń sọ, inú wọn sì dùn. Mi ò já wọn ní koro.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fi ilé ìdáná hàn mí, ó fi màlúù hàn mí, ó sì fi mí sílẹ̀. Trepan ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ń dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń sọ fún mi ohun tí àwọn arúgbó rẹ̀ sọ. Bí ó bá kàn mí, mi ò yẹra. Bí kò bá kàn mí, mi ò wá a. Mo máa ń wò ó nígbà míràn bó ti ń jẹun, kí n sì sọ fún ara mi pé ọkọ mi nìyí, bí ìgbà tí èèyàn ń ka orúkọ abúlé lára pátákó.

Nínú oṣù kẹta ìgbéyàwó wa, mo gòkè lọ kí òrìṣà pẹ̀lú àwọn obìnrin Dhungsera. Mo se ìrẹsì mi nínú adágún, mo tò sí ìlà bí àlejò. Bàbá mi ló wà níwájú. Ó gba àwo mi, kò gbójú sókè.

"Orúkọ?" ó ní, bó ṣe ń bi gbogbo èèyàn kí ó lè dárúkọ wọn níwájú òrìṣà.

"Sulochana."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Orúkọ ọkọ?"

"Trepan."

"Ìdílé?"

Mo dárúkọ ìdílé ọkọ mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń tì mí. Bàbá mi bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì pe gbogbo rẹ̀ pátá, orúkọ mi, orúkọ Trepan, ìdílé rẹ̀, ó ní kí Ikú gbójú kúrò lára wa. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n lórí orúkọ Trepan. Ó wá dá àwo mi padà. Àwọn obìnrin Dhungsera ń nu ojú. Èmi ń ronú pé ilẹ̀ òkúta náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀.

Nígbà tí yìnyín tún dé, Trepan lọ sí Dehradun láti ru ẹrù ní ọjà ewébẹ̀, bí àwọn ọkùnrin wa ti máa ń ṣe. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń pe fóònù ìyá rẹ̀, ìyẹn á sì gbé e fún mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lo jẹ?"

"Ọ̀dùnkún."

"Àná ńkọ́?"

"Ọ̀dùnkún."

"Ó dáa. Mi ò ní béèrè ti ọ̀la."

Lẹ́yìn náà, ìpè náà dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jẹ́ kí róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí mò ń yan, jóná. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá ọkọ mi bi mí ohun tí mò ń wá lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, mo ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ fóònù rẹ̀ ni mò ń wá. Ó ní, "Ọkùnrin ni. Wọ́n máa ń gbàgbé." Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo wọ bàtà Trepan tó nípọn.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ ra iyọ̀."

"Iyọ̀ wà nílé."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ìrìn wákàtí méjì ni sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, yìnyín sì dé orúnkún mi. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Bóyá kí n béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, bóyá kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dehradun tí mi ò dé rí. Ó ti ń tó ọjọ́kanrí nígbà tí bọ́ọ̀sì dé. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò lórí, ó sì dúró sójú kan nígbà tó rí mi.

"Sulochana? Ta ló kú?"

"Fóònù ńkọ́?"

"Ó bọ́ sí gọ́tà. Mi ò mọ nọ́ńbà Màmá sórí, inú rẹ̀ ló wà. Mo ní kí n kúkú wálé."

"Nọ́ńbà mẹ́wàá," mo ní. "Nọ́ńbà mẹ́wàá péré, o ò mọ̀ ọ́n sórí. O lè ka orúkọ gbogbo arúgbó tó gun ẹ̀yìn rẹ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn." Mo gbọ́ tí mò ń pè é ní ìwọ lójú títì, níwájú awakọ̀, mi ò sì lè dá a dúró. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé o rò pé igi ni mí? Mo ti sin ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo ti ń ronú ẹni tó máa lọ sọ fún ìyá mi."

Trepan ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tó ń bẹ̀rù kó má bọ́ fọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ìwọ àti Hemant, irú kan náà ni yín," mo ní. "Mo se tíì fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó dúró mu ún. Ó ní òun ń bọ̀, kí n bò ó. Mo bò ó. Mo bò ó o, Trepan. Ta ló ní kó máa sọ pé òun ń bọ̀?"

Ojú mi ti kún, ó sì ń ṣàn, kò sì sí èéfín níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbá ọwọ́ náà dànù, mo sì yí padà sí ọ̀nà abúlé. Ó gbé àpò rẹ̀ lé orí, ó tẹ̀lé mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí a ti ń lọ: tíì yẹn, ìrẹsì tí mo ṣa tán, bàbá mi, ọ̀dùnkún tó ti sú mi. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ga, èémí mi tán, mo dúró.

"O ò ní fèsì?" mo bi í.

"Máa bá a lọ," Trepan ní. "Ilé ṣì jìn."